Ọ̀pá Iṣu Tó Ta Gbòǹgbò

Ẹ jókòó. Kì í ṣe pé inú mi dùn sí yín, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jẹ ìyà yẹ kó mọ ohun tó ṣe. Ràímì, ìwọ tí o ṣáájú wọn wá, gbé àdá yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí o tó wọlé tọ̀ mí wá. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ kiri láti àná. Ẹ ní ọkùnrin ará Atakora tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ti gbin kajú. Ẹ ní àlejò kì í gbin igi. Ẹ ní ẹ máa lọ gé kajú náà lulẹ̀ lọ́la, kí ẹ sì lé òun àti ìyàwó rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti wá, kí Manigri lè jẹ́ ti àwa ọmọ Manigri. Ẹ wá gbàṣẹ lọ́wọ́ mi nítorí pé èmi ni àgbà ilé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Àwa ọmọ Manigri! Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ. Ẹ mọ̀ pé òkè lápá Wàké ni bàbá mi ti wá, pé Lókpa ni wá. Ẹ mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe mọ̀ pé òun ní ìdodo: ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wò ó. Èmi ń wò ó. Kò sí ọjọ́ tí mi ò wò ó.

Òkúta ni ilẹ̀ wa lókè. Bàbá mi máa ń fi agbọ̀n ru iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gun òkè, yóò dà á sí àárín òkúta, kó tó lè gbin ọkà bàbà sórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lójú kan, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yẹn á tún ṣàn padà sí ìsàlẹ̀, òun náà á tún gbé agbọ̀n. Nígbà tí a gbọ́ pé ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ dúdú wà tí kò ní òkúta, tí àwọn tó ni ín ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ebè, àwọn ọkùnrin wa gbé ọkọ́ lé èjìká. A gba Alédjo kọjá, a gba Pénéssoulou, a dé Basílà, a sì sọ̀ kalẹ̀ sí Manigri. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Lónìí ẹ máa ń gun alùpùpù sẹmídján láti ibí lọ sí Basílà, ẹ ó sì dé ibẹ̀ kí ẹ máa pariwo pé ẹ̀yìn ń dun yín.

Ẹ̀yin rò pé wọ́n fi omi tútù pàdé wa? Ní ọjà Basílà, bí a bá ti ń bọ̀, àwọn obìnrin á fa igbá wọn sẹ́yìn. Ní Manigri níbí, àwọn ọmọdé á tẹ̀lé wa, wọ́n á máa kígbe pé, "Ajẹran-ajá! Ajẹran-ajá!" Àwọn ìyá wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní bá wọn wí. A máa ń jẹ ajá lóòótọ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo lé wa lórí nítorí ajá, iṣu tí ọwọ́ ajẹran-ajá kọ ebè rẹ̀ ló ń gún níyán lálẹ́, kò sì pọ̀ ọ́n jáde. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń fún wa sùn, nítòsí ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Omi, lẹ́yìn ìgbà tí àwọn onílé bá ti pọn tiwọn tán, tó ku ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ kànga, ni wọ́n á ní kí a wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ náà fún yín, nítorí pé kò sí i mọ́. Ní ìyàlẹ̀ta, ẹ ó ti máa gbọ́ fèrè láti ọ̀nà jíjìn. Afọnfèrè ló ń ṣáájú, ó kọjú sí wa, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fọn ún. Àwa tò lẹ́sẹẹsẹ, a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn wa ń dán nínú oòrùn. Ọkọ́ wa gbòòrò, ẹ̀rú rẹ̀ kúrú. Gbogbo ọkọ́ á gòkè pọ̀, gbogbo rẹ̀ á balẹ̀ pọ̀: gbì! Ilẹ̀ á mì títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ igi emi, igi òrí. Fèrè yẹn máa ń fi orúkọ baba ẹni pè é, pé lágbájá ọmọ tàmẹ̀dù, ṣé o ti rẹ̀ ni? Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti bó, kò ní nàró. Mo rántí ọjọ́ tí afọnfèrè wa fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi já sínú ihò òkété. Fèrè fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ètè wú bíi ti ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, síbẹ̀ ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta lu irin ọkọ́ náà, kọ́ń, kọ́ń, kí iṣẹ́ má bàa dúró. A rẹ́rìn-ín títí tí ebè tí a kọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fi wọ́.

Àwọn onílé yìí, kí a tó dé, ebè wọn kò ju ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ lọ. Tiwa dé àyà ọkùnrin. Iṣu tó jáde nínú rẹ̀, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Lónìí, ẹ máa ń jókòó ní Basílà, ẹ ó máa yangàn pé ebè gíga ni àmì Manigri, pé kò sẹ́ni tó lè kọ ebè bí ọmọ Manigri. Fèrè tí ẹ ń fọn níbi ọdún iṣu, tí àwọn olóṣèlú ń wá fi fóònù pọ́tábù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ní àṣà baba yín ni. Baba yín wo? Àwọn tí ẹ ń pè ní baba yẹn máa ń di etí wọn bí a bá ń fọn ọ́n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Àti ọdún iṣu náà, ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà náà, a ó ti wa iṣu jáde, a ó ti rù ú wálé fún onílẹ̀, a ò ní lè fi ẹnu kàn án. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ, àwọn ìbátan rẹ̀ á jẹ, àwọn àna rẹ̀ á jẹ. Ọjà kan á ná, òmíràn á ná, àwa ṣì ń la ẹ̀kọ ọkà bàbà, a ń gbọ́ odó ní gbogbo agboolé. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá ṣí ìkòkò wa wò, tó ń fi imú gbóòórùn rẹ̀ bóyá a ti jí iṣu tuntun sè. Ìdírísù lórúkọ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, ẹ sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: bàbá ìyá àgbà yín ni.

Lónìí, ta ló ń kọ ebè? Ẹ gbé bìdọ́ọ̀nù oògùn sẹ́yìn, ẹ ń fín in sórí koríko, ẹ ń gbọ́ orin létí. Oko dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Bí mo bá lọ síbẹ̀ báyìí, ohùn ẹyẹ nìkan ni mò ń gbọ́, àwọn ẹyẹ náà kò sì pọ̀ mọ́. Mi ò ní kí ẹ padà sídìí ọkọ́ o. Ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí tiyín tẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ má pe ara yín ní oníṣẹ́.

Ó yá. Bàbá Sàlámì, ẹ̀gbọ́n Ìdírísù, ló ni ilẹ̀ tó wà létí odò. Ó rí ebè bàbá mi, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kó má padà sókè mọ́, kó dúró, kó máa dáko níbẹ̀. Bàbá mi ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé wa tó kù lókè. Mo ti tó ọkùnrin nígbà náà, mo ti ń bá àgbà tò lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá Sàlámì jókòó, ó sọ òfin fún wa. Ó ní ohun gbogbo tí a bá gbìn tí a ń kó lọ́dún kan náà, tiwa ni, bí a bá ti fún òun ní tòun. Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀pà, kí a gbìn ín. Ṣùgbọ́n igi, rárá. Èso igi emi tó bọ́ sínú oko wa, ìyàwó bàbá mi kò gbọdọ̀ ṣà á. Igi igbá, tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, tó so sórí wa, ti onílẹ̀ ni. Ó ní, "Igi ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi, ó ti sọ pé òun ò lọ mọ́." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni òun náà sì ṣe. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ni bàbá mi. Bí èkùrọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ lóko, á wá a títí á fi rí i, á jù ú sódò, kó má bàa hù.

Ọ̀pá iṣu ló fa ọ̀ràn. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ iṣu ń fẹ́ ohun tí yóò gùn. Àwọn onílé máa ń jẹ́ kó gun pòròpóró ọkà tàbí igi tí iná ti pa. Tiwa, nítorí pé ebè wa ga, tí iṣu wa sì wúwo léwé, a nílò ọ̀pá gidi. Bàbá mi lọ sí etí odò, ó gé igi tútù tó gún régé, ó rù ú wá, ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè. Iṣu gùn ún, a wa iṣu, a fi ọ̀pá sílẹ̀ síbẹ̀ títí di ọdún tó tẹ̀lé e. Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé oko, mo rí i tí ọ̀pá ti rúwé, àwọn kan ní apá ìhà odò, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí a ṣe rì wọ́n. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo pe bàbá mi kó wá wo ilẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí òkú igi ń jí nínú rẹ̀.

Akòko ni. Ẹ̀yin rí i bí ẹ ṣe mí kanlẹ̀? Àwa ò mọ̀. Lókè lọ́dọ̀ wa, igi ni igi ń jẹ́. Ta ló fẹ́ sọ fún Lókpa pé ewé akòko ni wọ́n ń fi sí etí ẹni tó bá jẹ oyè? Ta ló sọ fún un pé akòko ni wọ́n ń gbìn láti fi pààlà ilẹ̀? Nínú gbogbo igi tó wà létí odò yẹn, òun ni bàbá mi lọ gé, nítorí pé ó gún, ó sì rọrùn láti gé.

Ìdírísù ló rí i. Kò bá wa sọ̀rọ̀ lóko. Ó sáré wọ ìlú, ó ń ké lójú ọ̀nà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti kó wa lọ sí ààfin baálẹ̀. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀.

Ìdírísù nàka sí bàbá mi. Ó ní, "Ẹ wò ó! A fún un ní ilẹ̀ kó fi jẹun, ó ti pààlà rẹ̀. Ó ti gbin akòko. Ewé oyè ló ń tọ́jú yẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ajẹran-ajá á fi ara rẹ̀ jẹ baálẹ̀ lé wa lórí."

Bàbá mi ní, "Ẹ dákun, ọ̀pá iṣu ni."

"Ọ̀pá iṣu wo ló ń rúwé?"

"Ilẹ̀ yín ló dára jù."

Ó rò pé òun ń yin ilẹ̀ wọn ni. Gbogbo ìlú bú sí ariwo. Wọ́n ní ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí a kúrò kí ọjà tó ń bọ̀ tó ná, iṣu tó wà nínú ebè sì di ti onílẹ̀. Iṣu yẹn kò tíì gbó. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò wa ló wà nínú ilẹ̀ yẹn, a ò sì ní nǹkan kan lókè tí a lè padà sí, nítorí pé ẹni tó bá ti kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn á ti gun orí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Mo yíjú sí Bàbá Sàlámì. Òun ló mọ̀ wá. Òun ló ti bá bàbá mi jókòó lábẹ́ igi, tó ń pè é ní ọ̀rẹ́ mi. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìdírísù bú wa, Bàbá Sàlámì dákẹ́. Ẹ bi mí pé èwo nínú wọn ni mi ò tíì dárí jì. Bàbá Sàlámì ni.

A ti ń di ẹrù nígbà tí àwọn gádì dé láti Basílà. Kọ̀mándà, òyìnbó Faransé tó rán wọn, fẹ́ ọkùnrin tí yóò lọ fọ́ òkúta sí ojú ọ̀nà tuntun. Iṣẹ́ ipá ni, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá lọ, ó lè padà wá, ó sì lè máà padà wá, ẹni tó bá sì kọ̀, okùn. Agboolé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin méjì jáde. Àwọn ọmọ Ìdírísù ti sá wọ àká. Gádì àti ògbufọ̀ dúró níwájú ilé rẹ̀, wọ́n ní àwọn ọkùnrin wọn dà?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́. Ìdírísù jáde, ó na ọwọ́ sí èmi àti bàbá mi tí a ru ẹrù wa sórí, ó ní, "Àwọn nìyí. Ọmọ ilé mi ni wọ́n."

Ọjọ́ yẹn ni a di ọmọ Manigri.

Ògbufọ̀ wò wá, ó wo ilà ojú wa, ó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú ṣáká, inú ilé òun ni a ti ń jẹ, ọmọ ilé òun ni wá. Bàbá mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wo Ìdírísù lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ó ní, "Mo gbọ́ o." Wọ́n kó wa lọ.

Mi ò ní sọ ti òkúta yẹn pẹ́. A ń fọ́ ọ láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí a ti ń fọ́ òkúta náà ya lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lé bàbá mi lórí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó kú. Ó ní kí n má gbé òun padà sókè, pé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kò tó bo ènìyàn. Àwọn Lókpa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà gba àyè lọ́wọ́ gádì, a fi ẹní ká a, a rù ú wá sí Manigri.

Ìdírísù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró ní bodè, wọ́n dí ọ̀nà. Ó ní, "A kì í gbé òkú àlejò wọ̀lú. Ẹ gbé e kọjá."

Mo sọ ẹsẹ̀ bàbá mi tí mo gbé dání kalẹ̀. Mo ní, "Ta ni àlejò? O sọ ọ́ níwájú ògbufọ̀ pé ọmọ ilé rẹ ni. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ilé rẹ ni, gbẹ́ ilẹ̀ kí o sin ín, bí onílé ti ń ṣe fún ọmọ ilé. Tí kì í bá ṣe ọmọ ilé rẹ, a jẹ́ pé ilé rẹ kò tíì mú ẹnikẹ́ni wá fún Kọ̀mándà. Màá padà sí Basílà báyìí, màá sọ fún un bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ wà nínú àká, mo mọ àká náà."

Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Bàbá Àwáwù, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ o! Ẹ gbẹ́ ilẹ̀!"

Ó gbẹ́ ẹ. Nínú oko létí odò, níbi tó ti fa gbogbo akòko yẹn tu, ni mo ní kó gbẹ́ ẹ sí. Ọkọ́ bàbá mi ni mo fún un. Nígbà tó dé orúnkún, ó ní ó tó. Mo ní kò tó, kó gbẹ́ ẹ sí i. Oòrùn ń pa á, òógùn ń bọ́ sínú ilẹ̀ náà, mo dúró lé e lórí títí tó fi jìn. Inú mi dùn sí i. Mò ń sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn sí i títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa mọ́ pé kí a kúrò. Ta ló fẹ́ lé ẹni tí òkú rẹ̀ wà nílẹ̀? Mo dáko yẹn. Mo kọ́ èdè wọn tán, mo gbàgbé tèmi. Mo fẹ́ Àwáwù, ọmọ Ìdírísù. Mi ò fẹ́ ẹ nítorí pé mo ti dárí ji bàbá rẹ̀, mo fẹ́ ẹ nítorí pé ó lẹ́wà, àti nítorí pé ó dun bàbá rẹ̀. Imú Ìdírísù ló wà lójú rẹ yẹn, Ràímì. Bí o ṣe ń fi í gbóòórùn inú oko ọkùnrin ará Atakora yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń ṣí ìkòkò wa.

Ẹ sọ fún mi, nítorí pé ẹ̀yin lẹ mọ òfin báyìí, ẹ̀yin onílẹ̀: òkú mélòó ni ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ sin kí kajú rẹ̀ tó lè dúró? Ìyàwó rẹ̀ ha ni yóò kọ́kọ́ kú, tàbí ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n? Ẹ dá mi lóhùn. Lánàá ẹ ń pariwo.

Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó lọ sùn, kó má ṣọ́ oko. Èmi ni màá ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, màá lọ jókòó sí àárín kajú yẹn, màá sì wà níbẹ̀ títí ẹni tó ní àdá yóò fi dé. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi jìnnà mọ́, àga mi sì wúwo. Ràímì, ìwọ lo máa gbé e.